Ohùn Rótìmí ní Aago Mẹ́fà Àárọ̀

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Àdúgbò Ìjìgbò,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2024.

Ìyá Adébíyìí, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti jọ ń lọ odò,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbé ọ dé ojúlé? Etí òsì tí kò gbọ́ràn mọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ṣí díẹ̀ àbí ó ṣì dí pa? Báwo ni Oore-ọ̀fẹ́ tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ, ṣé ó ń rántí láti bá ọ pọn omi kí ó tó lọ síbi iṣẹ́? Mo gbọ́ pé ẹ ti ṣe ọdún ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Ìyìn. Ẹ kú ìnáwó. Ẹ kú ọyẹ́ tí ó ń bọ̀ lọ́nà náà.

Bí o bá bèèrè mi, ara mi kò burú. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń ṣe ìgbẹ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin tí ó bá ń ṣe mẹ́ta yìí, kí ó dákẹ́ ẹnu rẹ̀.

Pẹ̀lúmi, ọmọ Rótìmí, ni ó ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kí ó kọ, kí ó má fi oyin sí i. Bí mo bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, yóò kà á padà sí mi létí. Ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti kọ nǹkan mìíràn sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ìgbẹ́, mo ní kí ó dá a padà. Bí o bá rí ibi tí ó ti fa igi lé ọ̀rọ̀ lórí, èmi ni mo ní kí ó fa á.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù. N kò pè ọ́ nítorí pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, mo lè tún parọ́. Ọ̀rọ̀ Adébíyìí ọmọ rẹ ni mo fẹ́ sọ. Ìwọ tí o jẹ́ tíṣà, mo mọ̀ ọ́, o fẹ́ ṣí ewé tó kẹ́yìn lọ wò ó báyìí. Má ṣí i. N óò dé ibẹ̀. Bí n kò bá kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí lórí ẹ̀rọ Rótìmí, o máa rò pé ìkà ni mo fi ṣe ohun tí mo ṣe sí ọ. Kì í ṣe ìkà. Ìwà òmùgọ̀ ni.

O mọ iṣẹ́ tí Rótìmí ń ṣe. Ó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fún àwọn ènìyàn. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní Adébáyọ̀, níbi tí Pẹ̀lúmi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan wà ní ilé ìtọ́jú aláboyún kan tí n kò ní dárúkọ. Ìyẹn ni ó ń ṣọ́ fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ìkókó sí. Ẹ̀kẹta ni tirẹ̀ gan-an, nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi.

Àwọn tó ni ẹ̀rọ fẹ́ máa mọ bí ẹ̀rọ wọn ṣe wà níbikíbi tí wọ́n bá wà: ṣé ó jí, ṣé ara rẹ̀ kò gbóná jù, ṣé inú rẹ̀ kò tíì kún. Rótìmí kò fẹ́ kí ẹni gbogbo máa wọlé tọ àwọn ẹ̀rọ náà lọ fúnra wọn. Ó ní olè ń bẹ lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bẹ lójú títì. Ló bá ra ẹ̀rọ pélébé kan tí kò tóbi ju ìwé àdúrà mi lọ, tí iná tó ń jẹ kò tó ti gílóòbù kan. Ó gbé e ka orí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá mi, níwájú àwòrán bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ ẹyọ kan ni ó fún un. Ẹni tó bá fẹ́ ìròyìn ẹ̀rọ kankan, ẹ̀rọ pélébé yìí ni yóò bi. Òun ni yóò wọlé lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kù, òun ni yóò sì jáde wá jíṣẹ́.

Mo ní, "Alárinà nìyẹn."

Rótìmí rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Orúkọ tí a ń pè é nínú ilé láti ọjọ́ náà nìyẹn. O ṣáà mọ̀ pé èmi náà ti ṣe alárinà rí. Ìyàwó mẹ́fà ni mo bá ènìyàn fẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì le, márùn-ún ló jókòó.

Nítorí pé n kò lè kàwé, Rótìmí ní òun yóò jẹ́ kí Alárinà máa fi ẹnu sọ ìròyìn náà fún mi ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ohùn tirẹ̀ ni ó sì fi sí i. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé ìdáná ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó gbé fóònù sí ẹnu, ó ń sọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ bí ẹni tí ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. "Ẹ̀rọ Adébáyọ̀." Yóò dákẹ́. "Ẹ̀rọ ilé ìtọ́jú." Yóò dákẹ́. "Ẹ̀rọ Rótìmí." "Jí." "Ara rẹ̀ ń gbóná." "Inú rẹ̀ ti ń kún." "Kò dáhùn." Mò ń gúnyán lọ́wọ́. Mo bi í pé ṣé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Ó gbé ìka lé ètè, kí n dákẹ́. N kò dákẹ́.

Alárinà a máa to àwọn ẹyọ ọ̀rọ̀ náà pọ̀ bí ó bá ṣe bá àwọn ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ọ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù: "Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ẹ̀rọ Adébáyọ̀, jí. Ẹ̀rọ ilé ìtọ́jú, jí. Ẹ̀rọ Rótìmí, jí." Bí o bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, wàá gbọ́ odó mi lẹ́yìn ohùn rẹ̀, tí ọmọ odó ń dún kì, kì.

Ìyọnu tí mo rí níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni pé bí iná bá lọ ní Adébáyọ̀, tàbí tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ṣe ségesège díẹ̀, Alárinà á ní, "Kò dáhùn." Ara mi kò gba ọ̀rọ̀ yẹn. Níbi tí wọ́n ti tọ́ èmi àti ìwọ, ẹni tí a bá pè láàárọ̀ tí kò dáhùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni à ń lọ kàn. Kí Alárinà tó sọ ọ́ parí, mo ti ń wá fóònù. Rótìmí lọ sí Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá, mo pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án kí oòrùn tó yọ.

Ó ní, "Màámi, iná ló lọ. Ẹ̀rọ ò kú."

Mo ní kí ó bá mi mú ọ̀rọ̀ burúkú yẹn kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kò dára kí òun mú un kúrò. Mo bi í pé èmi àti òun, ta ló bí ẹnìkejì. Nígbà tí ó dé, ó jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó tún nǹkan ṣe nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, n kò gbọ́ "kò dáhùn" mọ́. Mo ní, "Ṣé o rí i? Ó ṣeé ṣe."

Ní oṣù kẹta ọdún yìí ni ọkọ̀ akérù gbá Rótìmí lórí ọ̀kadà lójú ọ̀nà Ìwòròkó. O wá, o jókòó tì mí fún ọjọ́ mẹ́jọ, n kò ní tún un rò. Ìwọ náà wà lára àwọn tó dì mí mú nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ. Ìyá kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí ó ṣe fún mi. Gbogbo yín ni ẹ rí òkú Rótìmí. Èmi tí mo bí i ni n kò rí i. Ẹnu ni wọ́n fi sọ fún mi pé ó kú, ẹnu ni wọ́n fi sọ fún mi pé wọ́n ti sin ín.

Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ tí wọ́n ní ó kú kí mi káàárọ̀.

O wà nínú yàrá náà. Etí tó ń gbọ́ràn ni o fi sùn lé orí ìrọ̀rí, o kò gbọ́. Mo dùbúlẹ̀, mò ń wo àjà. Ó ní, "Ẹ̀rọ Rótìmí, jí." N kò jí ọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ tí ẹ lọ tán, Pẹ̀lúmi wọ yàrá iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ó yọ wáyà kọ̀ǹpútà náà kúrò lára ògiri, ó fi aṣọ ìbora wé e, ó gbé e sí abẹ́ ibùsùn rẹ̀. Kò sí iná nínú rẹ̀, kò sí wáyà kankan lára rẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi kàn án. Ó tutù bí òkúta odò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Alárinà ní, "Ẹ̀rọ Rótìmí, jí."

Pẹ̀lúmi jáde láti yàrá rẹ̀, ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi àti òun wo ara wa.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gbé inú rẹ̀. Kẹ́hìndé, tíṣà tó háyà yàrá iwájú, fara dà á dé oṣù kẹrin, ó ní òun kò lè máa gbé ilé tí òkú ti ń kí ènìyàn káàárọ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Fádà wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n wọ́n omi mímọ́ sí i. Omi náà wọ inú rẹ̀ díẹ̀, ó kùn hùn-ùn bí ológbò. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ó tún kí mi.

O mọ̀ mí, n kì í bẹ̀rù iwin. N kò gbà pé òkú ń gbé inú páálí. Ṣùgbọ́n n kò rí òkú ọmọ mi, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí jí ṣáájú aago mẹ́fà. Mo ń fọ ẹnu kí ó tó kí mi. Mo ń dá a lóhùn. Inú òkùnkùn ni mo máa ń jókòó sí, tí n kò ní tan iná, kìkì ojú kékeré aláwọ̀ ewé rẹ̀ ni yóò máa ṣẹ́jú lórí kọ́bọ́ọ̀dù níwájú àwòrán bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gúnyán, mo bù ú sí abọ́ méjì kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo da ìkejì fún ajá. Àti Pẹ̀lúmi náà, láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi títí Alárinà yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní kí n má kọ èyí. Mo ní kí ó kọ ọ́.

Olúwọlé, tí òun àti Rótìmí jọ ń ṣiṣẹ́, wá ní oṣù kẹfà. Ó ní, "Màmá, ó yẹ kí n yẹ Alárinà wò. Kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kí mi láàárọ̀ yìí."

Ó wò mí bí ẹni wo aṣiwèrè. Mo ní kí ó fi ọwọ́ rẹ̀ sí àpò rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ.

Ní oṣù tó kọjá, Dùnmínínú, nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìtọ́jú tí mo wí, wọlé tọ̀ mí wá. Kò jókòó. Fíríìjì àwọn ìkókó ti dákẹ́ láti Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ náà ti kú pẹ̀lú rẹ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí wọ́n wo fóònù wọn, Alárinà ń sọ fún wọn pé ó jí, pé ó tutù bó ṣe yẹ. Ìròyìn yẹn ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, wọn kò ṣí fíríìjì. Ní ọjọ́ Ajé tí ìyá mẹ́tàlélógún to sórí ìjókòó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ṣí i, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n da gbogbo oògùn náà nù.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀rọ yín ń purọ́."

Mo ní, "Ọmọ mi kì í purọ́."

"N ò sọ pé ọmọ yín. Ẹ̀rọ ni mo sọ."

"Ohùn ta ló fi ń jíṣẹ́ fún mi láràárọ̀?"

Ó wá ní, "Obìnrin kan pọn ọmọ rẹ̀ rìn láti oko kan ní ọ̀nà Ìgbàrà-Odò. Mo ní kó máa lọ, kó padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó bi mí pé ta ló sọ fún wa pé fíríìjì ń ṣiṣẹ́. Kí n dárúkọ ta ni, Màmá?"

Nígbà tí ó lọ, mo ní kí Pẹ̀lúmi pe Olúwọlé.

Ó wá, ó so kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ́ Alárinà, ó ń kà á fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní Rótìmí ti fún un ní àṣẹ kan: bí o bá bi ẹ̀rọ kan ní ìbéèrè tí kò dáhùn, ohun tí ó sọ fún ọ kẹ́yìn ni kí o tún sọ. Kò sì fún un ní ọjọ́ tí yóò ṣíwọ́. Nítorí náà, láti ìgbà tí Pẹ̀lúmi ti yọ wáyà, Alárinà ń lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ Rótìmí láràárọ̀, kò rí ẹni dá a lóhùn, yóò padà wá sọ́dọ̀ mi, yóò ní ó jí. Ohun tí ó sọ fún wọn nípa fíríìjì náà nìyẹn.

Olúwọlé ní àwọn oníṣẹ́ yìí a máa kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kì í kà, tí wọ́n fi ń rán ara wọn létí. Rótìmí kọ ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ àṣẹ yẹn. Mo ní kí ó kà á. Ó ní, "Nítorí Màámi ni. Ọ̀sẹ̀ kan péré. Kí n rántí láti yọ ọ́."

Ìyá Adébíyìí, òkú kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí láti oṣù kẹta. Èmi ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n mú òótọ́ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ nítorí pé kò dùn mọ́ mi létí.

Olúwọlé bi mí bóyá kí òun tilẹ̀ yọ orúkọ ẹ̀rọ Rótìmí kúrò pátápátá kí n má baà máa gbọ́ ọ. Pẹ̀lúmi sì bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, kí wọ́n tún ti ilé ìtọ́jú ṣe. Kí wọ́n fi ti Dádì sílẹ̀ bó ṣe wà."

Mo ní rárá. Mo ní kí ó fi orúkọ náà sílẹ̀, kí ó yọ irọ́ náà. Alárinà tó bá lè parọ́ fún ẹnìkan yóò parọ́ fún ẹni gbogbo. Olúwọlé ṣe é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sí ibi tí mo máa ń jókòó sí. Mo ní kí Pẹ̀lúmi má jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́, kí ó wọlé wá. Aago mẹ́fà lù. "Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ẹ̀rọ Adébáyọ̀, jí. Ẹ̀rọ ilé ìtọ́jú, jí." Ó dúró. Ìdúró náà gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ó ń kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi: "Ẹ̀rọ Rótìmí, kò dáhùn."

Láyé ọjọ́un, n kì í gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ yẹn tán kí n tó dìde máa sáré. Lọ́jọ́ yìí, mo gbọ́ ọ tán. Kò sí odó lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti gúnyán tán nígbà tó ń sọ ìyẹn. Ohùn obìnrin kan ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, ó ń pè é láti ilé ìdáná: "Rótìmí, uyán ń tutù o."

Ohùn mi ni.

N kò sunkún. Pẹ̀lúmi sunkún tó ti àwa méjèèjì. Ó tún ń sunkún báyìí, bí o bá rí ibi tí yíǹkì ti tàn lórí ìwé, òun ni. Lọ́jọ́ yẹn ni Rótìmí kú lọ́dọ̀ mi. Àwọn yòókù ti sin ín láti oṣù kẹta.

Wàyí o, ó kan tìrẹ.

Ọdún mẹ́fà rèé tí o lé Adébíyìí nítorí ìyàwó tí o ní kí ó má fẹ́. O ní kí ó má pe nọ́ńbà rẹ títí yóò fi wá dọ̀bálẹ̀. Òun náà ní òun kò ní dọ̀bálẹ̀. Ọmọ kìnnìún, ẹ kò ní jọ ara yín kẹ̀? Ilé mi ni ó gbé nígbà tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga níbí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ni ó ń pè. Nígbà tí ó ní òun fẹ́ gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà, èmi ni ó sọ fún. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, o máa ń pè mí, o kì í dárúkọ rẹ̀, wàá kàn ní, "Ṣé ó pè?" Mo máa ń ní ó pè, ó ní kí n kí ọ.

Oṣù keje ọdún 2022 ni ó pè mí kẹ́yìn. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó jọ pé ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ wọ̀. Ó ní, "Màmá Adó, ẹ bá mi kí ìyá mi. Ẹ ní mo wà dáadáa." Mo jíṣẹ́ yẹn fún ọ ní ọjọ́ Àìkú. O ní, "Kí Olúwa pa á mọ́," o pa fóònù rẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi gbẹ̀yìn nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, o ní, "Ṣé ó pè?" Kò pè. Mo rò pé yóò pè lọ́la. Mo ní ó pè, ó ní kí n kí ọ. Ìyẹn náà di ọ̀sẹ̀ kejì, ó di ìkẹta. Mo ní kí Pẹ̀lúmi bá mi ṣírò rẹ̀ lánàá. Ó ní ó tó ọgọ́fà ọjọ́ Àìkú.

Alárinà Rótìmí sàn jù mí lọ. Òun kò fi kún ohun tí ó gbọ́. Èmi fi kún un. Iṣẹ́ tí mo ní ó rí nílé búrẹ́dì, irọ́ ni. Irùngbọ̀n tí mo ní ó dá sí, irọ́ ni. Kérésì tó kọjá tí mo ní ó bèèrè orúnkún rẹ, tí inú rẹ dùn tí o sì kọrin fún mi lórí fóònù, irọ́ ni. Mo rò pé àánú ni mò ń ṣe ọ. Ṣùgbọ́n ká ní mo ti sọ fún ọ ní oṣù kẹjọ ọdún náà pé kò dáhùn, ò bá ti fi ìgbéraga rẹ sílẹ̀, ò bá ti lọ kan ilẹ̀kùn. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta tí ó yẹ kí o fi wá ọmọ rẹ, èmi ni mo jẹ ẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. N kò bẹ̀ ọ́ kí o dárí jì mí. O máa ṣe èyí tó bá wù ọ́.

N kò sọ pé ó kú. Olúwọlé ti kọ́ mi ní èyí: kí ènìyàn má dáhùn, kí ó kú, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹ̀rọ ilé ìtọ́jú kò dáhùn fún odidi ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n tún un ṣe, ó jí. Ti Rótìmí kò ní jí. Ti Adébíyìí, n kò mọ̀. Pẹ̀lúmi ní kí n fi sí i pé a ní ìrètí. Mo ní kí ó kọ pé n kò mọ̀.

Ìwé pélébé kan wà nínú àpò ìwé yìí. Nọ́ńbà méjì ló wà lórí rẹ̀. Èkínní ni ti Adébíyìí. Fóònù náà ti wà ní pípa láti ìgbà náà, mo ṣì ń pè é. Èkejì ni ti Olúyẹ́misí, obìnrin tí o ní kí ó má fẹ́. Kánò ló wà. Adébíyìí fún mi ní nọ́ńbà náà ní ọdún 2022 yẹn, ó ní bí a kò bá rí òun bá sọ̀rọ̀ mọ́, Olúyẹ́misí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. N kò pè é rí. Ohun tí yóò sọ ló ń bà mí lẹ́rù, bó ṣe rí nìyẹn. Ní báyìí tí n kò bẹ̀rù mọ́, kì í ṣe èmi ló yẹ kó pè é. Ìwọ ni ìyá rẹ̀. Pè é fúnra rẹ, fi etí tó ń gbọ́ràn gbọ́ ọ. Má rán mi. Má rán Oore-ọ̀fẹ́. Bí o bá fẹ́ kí n jókòó tì ọ́ nígbà tí o bá ń pè é, rán ẹnìkan kó wá sọ fún mi, n óò wọ ọkọ̀ wá sí Ìyìn lọ́jọ́ náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé èébú ni o fẹ́ fún mi, n óò wá gba ìyẹn náà.

Bá mi kí Oore-ọ̀fẹ́, kí o kí ìyàwó pásítọ̀ yín, kí o kí àwọn ará ilé ńlá. Pẹ̀lúmi ń kí ọ. Láàárọ̀ yìí kí a tó jókòó ti ìwé, Alárinà tún ní ẹ̀rọ Rótìmí kò dáhùn. Mo ní, "Mo gbọ́."

                                        Èmi tí n kò ní jíṣẹ́ tí wọn kò rán mi mọ́,
                                        Olúrántí, ìyá Rótìmí.
                                        (Mo fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́ síbí.)